Ilé Màmá Ni Ife Náà Sùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Màmá fẹ́ràn yín, ẹ kàn dúró kí wọ́n bú yín. Àlejò tí wọn ò mọ̀ rí á gbọ́ “ẹ kú iṣẹ́ o,” á gbọ́ “Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́ o,” á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí Màmá bá ti fi sọ́kàn, ó gbé! Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí tí kò rí kóòmù, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ dé bàtà tí kò rí pólíìṣì. Èmi Ràfíátù, ọmọ ọmọ wọn obìnrin àkọ́kọ́, èébú tí mo jẹ lẹ́nu wọn ju ẹ̀bà tí mo jẹ lọ́wọ́ wọn lọ, ẹ̀bà wọn kò sì kéré.

Nígbà tí wọ́n kú, àwọn kan ń sọ pé ìyá jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ìyá tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Mo wo ojú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní nínú mi pé, ẹ̀yin wọ̀nyí, Màmá ò rí tiyín rò rárá.

Ọmọ Àwórì pọ́ńbélé ni wọ́n, Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti bí wọn. Bàbá wa àgbà ló kọ́lé sí Òkókómáíkò, kí ilé náà tó di ti Màmá: ilé onípásẹ́jì, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, igi àgbọn lẹ́yìnkùlé, ayálégbé oríṣiríṣi. Màmá a máa ta àgbọn fún àwọn tó ń kó o lọ sí Àlàbà. Wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á mì í, wọ́n á sì mọ̀ bóyá omi wà nínú ẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá gba yàrá, wọn kì í bi í ní iṣẹ́, wọn kì í bi í ní ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: “Ṣé o mọ èèyàn kí láàárọ̀?”

Òfin kan ló ń ṣe àkóso ilé yẹn. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Tí ọmọ ẹni bá bá ọmọ ẹlòmíràn jà, tẹni là á kọ́kọ́ bá wí. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti dákẹ́. Màmá ò mọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ńgọ́sì, ọmọ ayálégbé wa kan tó ń ta rédíò ní Àlàbà, bù mí jẹ lápá. Mo sáré wọlé, omijé ń dà lójú mi, mo na apá sí Màmá kí wọ́n rí ojú eyín. Wọ́n wo apá náà, wọ́n wò mí.

“Kí ni apá ẹ ń wá lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ?”

Mo ní, “Màmá, òun ló—”

“Mo ní kí ni apá ẹ ń wá níbẹ̀! Ṣé ebi ń pa apá ẹ ni?”

Wọ́n bú mi títí ohùn wọn fi dé ìta. Ìyá Ńgọ́sì gbọ́ ọ ní yàrá wọn, ojú tì í, ló bá wọ́ ọmọ ẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ìgbò bá a wí, ó sì fi etí ẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá ń fi òrí pa mí lápá, mo ṣì ń fajú ro. Wọ́n ní, “Bí mi ò bá bú ọ, ojú wo ni ìyá ẹ̀ á fi bú òun náà? Àbí kí èmi fúnra mi lọ máa bú ọmọ ọlọ́mọ?”

Kì í ṣe èèyàn nìkan ni òfin yìí mú o. Ó mú àgbò.

Ọdún Iléyá kan, Màmá mú mi dání lọ sí Àlàbà Rago, wọ́n ra àgbò oníwo ńlá, wọ́n ní àwọn ò ní fi ọkọ̀ gbé e, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn délé. A fà á dé ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Àgbò dé àárín títì, ó jókòó. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kan yọrí jáde, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ yín kúrò lọ́nà!” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé ó parí fún kọ̀ǹdọ́kítọ̀ yẹn. Rárá o. Màmá ò tiẹ̀ bojú wò ó, àgbò ni wọ́n kọjú sí.

“Ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́ ohun tí o mú kí wọ́n máa sọ sí mi? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ṣókótó nìyẹn? Pẹ̀lú ìwo ńlá báyìí lórí ẹ! O dójú tì mí, o dójú ti ara ẹ, o dójú ti gbogbo àgbò!”

Ẹ gbà mí gbọ́, àgbò dìde. Ó tẹrí ba, ó tẹ̀ lé wa délé láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, tí Ààfáà ti pọ́n ọ̀bẹ, Màmá dúró síwájú ẹran, wọ́n ní kí wọ́n lọ ra òmíràn wá.

Ààfáà ní, “Kí ló ṣe èyí?”

Wọ́n ní, “Mi ò lè jẹ ẹni tí mo ti bá wí.”

“Màmá, àgbò mà ni!”

“Mo mọ̀ pé àgbò ni. Ẹ lọ ra òmíràn.”

Wọ́n ra òmíràn. Àgbò wa di ará ilé, a sọ ọ́ ní Dójútìmí, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ láfún tí àwọn ayálégbé bá sá sóòrùn. Ẹni tó bá wá fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn, Màmá á kọ́kọ́ lọ bú àgbò kí wọ́n tó dá onítọ̀hún lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ Kòfí. (Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó sì yẹ kí n máa pọ́n ọn lé, òun àti Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi. Ṣùgbọ́n Màmá nìkan ni mo máa pè ní “wọ́n” nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ má bàa ṣìnà. Àwọn méjèèjì ti dárí jì mí.)

Ará Gánà ni Kòfí, ayálégbé wa, télọ̀ ni. Iwájú yàrá ẹ̀ ní pásẹ́jì ló máa ń gbé máṣíìnì kalẹ̀ sí, kò sì sí ọmọ ilé tí kò rán yunifọ́ọ̀mù fún. Ní ọdún tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ sílùú wọn, ó di ẹrù ẹ̀ sínú báàgì aláràbarà yẹn, ó ń sunkún. Kò lè gbé máṣíìnì. Màmá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n ti yàrá ẹ̀ pa, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹni tó bá wá béèrè yàrá á rí i pé yàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú ẹ̀. “Màmá, èyí ńkọ́?”

“Èèyàn wà níbẹ̀.”

“Èèyàn dà?”

“Ó lọ ra òwú.”

Oṣù ń gorí oṣù. Ìyàwó Sájẹ́ǹtì, ayálégbé wa tí ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní bárékè Ọ̀jọ́, ò wá lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, “Màmá, ẹ ṣàánú mi. Òwú wo ni wọ́n ń rà láti ọjọ́ yìí?”

Màmá ní, “Òwú dúdú. Ó wọ́n.”

Nǹkan bí ọdún méjì ló fi wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a rí Kòfí lẹ́nu ọ̀nà, ó rù, ó gbé báàgì kan náà lọ́wọ́. Èmi ti fò, mo ti fẹ́ lọ dì mọ́ ọn. Màmá dá mi dúró. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ yọ létí ìró.

“Aláìnítìjú! Ṣé o lọ gbin òwú náà ni?”

Ọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ohun tí Màmá ti ń wí fáwọn èèyàn fún un, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti délé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣẹlẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi mọ Màmá.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa kan ní Èkó yege títí dé ìparí ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọn ò gba ife yẹn rí. Àwọn tí wọ́n máa bá gbá a sì wá láti Gánà. Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ gbá a lọ́hùn-ún, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ó wá ku ti ilé, ní Sùúrùlérè. Bọ̀dá Múfú ò fọ ẹ̀wù ọrùn ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta ọ̀mì, ó ní oríire wà lára ẹ̀. Ohun tó wà lára ẹ̀, gbogbo ilé ló ń gbóòórùn ẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n Màmá nìkan ló wà ládùúgbò wa nígbà yẹn tó ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn. Dúdú òun funfun ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígi tó ní ilẹ̀kùn méjì ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà sì wà létí ìró bíi ti gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé. Ohùn ẹ̀ ti kú tipẹ́. Rédíò Bọ̀dá Múfú la fi ń gbọ́ ohun tí à ń wò. Iná ìjọba ò sí lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló rọ́ sí pálọ̀ wa. Àwọn kan jókòó sójú fèrèsé, àwọn ọmọdé wà lábẹ́ tábìlì. Kòfí nìkan ló gbé àpótí ẹ̀ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó jókòó tì í. Màmá rí i. Wọ́n gbé àga wọn kúrò láàárín pálọ̀, wọ́n lọ fi tì í.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, ìyà bẹ̀rẹ̀. Màmá ò mọ ohunkóhun nípa bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òfin wọn. Ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ Èkó, tiwa ni, tiwa ni ká sì kọ́kọ́ bá wí. Bí ọmọ Gánà bá ta tiwa lẹ́sẹ̀, tó ṣubú, tó ń yí gbirigbiri, Màmá á na ìka sí i: “Dìde ńlẹ̀! Kí ni ẹsẹ̀ ẹ ń wá lọ́nà ọmọ ọlọ́mọ?”

Bọ̀dá Múfú á di orí mú. “Màmá, wọ́n ta á ni!”

“Ṣé ẹsẹ̀ tiẹ̀ ò mọ̀ọ́ sá ni?”

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá kan ní ká jọ̀ọ́ bá òun sọ fún Màmá kí wọ́n wọ yàrá lọ sinmi. Wọ́n fẹ́ lé onílé jáde nínú ilé ẹ̀! Ìgbà tí tiwa sì gbá góòlù wọlé, tí pálọ̀ mì tìtì, Màmá ní ó tó báyìí, kí wọ́n má fi ṣe ìgbéraga.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, kí ife di tiwa, ni àwọn ará Gánà bá dá góòlù náà padà. Kòfí ò mọ ìgbà tó fò sókè, ariwo kan ṣoṣo ló pa, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Bọ̀dá Múfú la rédíò mọ́lẹ̀, bátìrì fọ́n ká. Ó na ọwọ́ sí Kòfí.

“Máa lọ sílùú ẹ! Ṣebí wọ́n ti lé ẹ nígbà kan!”

Kòfí gbé àpótí ẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró irin: ó ń tú máṣíìnì kúrò lórí tábìlì. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹrù dídì.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ́nárítì. Màmá dìde. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n pa ilẹ̀kùn onígi náà dé, wọ́n tì í, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Ariwo tó sọ níbẹ̀, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àgbàlagbà ń kúnlẹ̀. Sájẹ́ǹtì, ọkùnrin tó ń gbé ìbọn, káwọ́ lérí bí opó. “Màmá, pẹ́nárítì ni! Màmá, ẹ ṣe é nítorí Ọlọ́run!”

Wọ́n ní, “Ẹnì kan ti kúrò níbi tó jókòó sí. Ẹ lọ mú un wá.”

Àwọn kan sáré jáde lọ wá rédíò kiri. Àwọn tó kù rọ́ dé ẹnu ọ̀nà Kòfí, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ láti ìta. Kò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, bàbá Ńgọ́sì bẹ̀ ẹ́ ní Píjìn. A wá gbọ́ ohùn kékeré láti inú yàrá:

“Ṣé wọ́n ti gbá àkọ́kọ́?”

“A ò mọ̀!” ni gbogbo wa fi dá a lóhùn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Kòfí dúró síbẹ̀, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ojú ẹ̀ pọ́n. Màmá mú un lọ́wọ́ wọ pálọ̀, wọ́n wá kọjú sí ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn.

“Múfú, dọ̀bálẹ̀.” Ó dọ̀bálẹ̀. “Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ta ló rán aṣọ tó wà lára ẹ yẹn, tó ń rùn bí òkété? Ṣé kì í ṣe òun? Ìjọba tó lé e, ṣé wọ́n bi mí? Ìwọ wá fẹ́ ṣe ìjọba nínú ilé mi? Tọrọ gáfárà!”

Bọ̀dá Múfú tọrọ ẹ̀, ohùn ẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún. A rò pé ó parí. Màmá yíjú sí Kòfí.

“Ìwọ náà! Òmùgọ̀! Àbúrò ẹ bú ọ, o ń tú máṣíìnì. Ṣé èmi ni mo ní kí o lọ? Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò nílé yìí nítorí bọ́ọ̀lù, n ó tẹ̀ lé ọ dé Gánà lọ bú ọ lójú ìyá ẹ!”

Mo rí ojú Kòfí. Ojú ẹ̀ tó ti le tẹ́lẹ̀ rọ̀ pátápátá. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá.” Ó jókòó.

Wọ́n wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Ó pẹ́ kó tó là. Ìgbà tó máa là, ó ti parí. Àwọn kan ń gbé ife káàkiri pápá. Ta ni wọ́n? Ọlọ́run ló mọ̀. Àwòrán ń rọ òjò, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀wù láàárín ara wọn, ohùn ò sí, rédíò ti kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ife, kò sì sẹ́ni tó lè yọ̀, kò sẹ́ni tó lè sunkún.

Sájẹ́ǹtì ní, “Ẹ dákẹ́. Bó bá jẹ́ tiwa ni, àwọn sójà ní bárékè á pariwo, a ó gbọ́ ọ.”

A dákẹ́. A na etí sí ọ̀nà Ọ̀jọ́, a na etí sí ọ̀nà Ìbà. Kò sí ìró kankan. Àwọn tó lọ wá rédíò, kò sí ìkankan nínú wọn tó padà wá. Lẹ́yìnkùlé, Dójútìmí ní, “Bẹ̀ẹ̀ẹ̀.”

Bọ̀dá Múfú fi ọwọ́ bo ojú. Ọkàn tèmi náà bàjẹ́, mo ti fẹ́ ife yẹn. Ṣùgbọ́n Màmá ò wo tẹlifíṣọ̀n rárá. Kòfí ni wọ́n ń wò. Ó tẹrí ba, ó fi eyín di fìlà ẹ̀ mú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n.

“Kòfí, ta ló gbé ife yẹn?”

“Mi ò rí i dáadáa, Màmá.”

“Irọ́ lo ń pa.”

Ó yọ fìlà lẹ́nu. “Kápùténì wa ni. Mo mọ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó tẹ̀.” Ó wo Bọ̀dá Múfú. “Ẹ má bínú.”

Màmá dìde. Wọ́n tún ìró so. “Kí lo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ọmọ ilé mi gba ife, ẹ jókòó bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù! Ẹni yòówù kó gbà á, ilé mi ló sùn lónìí. Kòfí, dìde, jó!”

Àwọn méjèèjì jó nínú pálọ̀ yẹn, láìsí orin, láàárín àwọn èèyàn tó fajú ro. Ìyàwó Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín gbà á. Bọ̀dá Múfú pẹ́ kó tó dìde, ṣùgbọ́n ó dìde, ó bá wọn jó, ẹ̀wù tó ń rùn yẹn lọ́rùn ẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Kòfí ló bá a lọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀ ni Màmá kú, lójú oorun, lẹ́yìn tí wọ́n ti bú mi ní alẹ́ ọjọ́ náà pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀. Mo ṣì ń wá ẹni tó máa bú mi bẹ́ẹ̀. Kò sí, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ fídáù, Ààfáà ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Àwọn èèyàn yin Màmá títí. Kòfí dìde, irun ẹ̀ ti ń funfun. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, ojú ẹ̀ le.

“Màmá, ẹ ò ṣe dáadáa.”

Bàbá kan sáré dìde pé kí ló ń sọ sí òkú yìí.

“Ẹ ò ṣe dáadáa rárá! Èmi lọ, ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ fún ẹni tó bá béèrè mi. Ẹ̀yin wá lọ, ẹ ò dágbére, ẹ ò sọ ohun tí a ó máa wí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?”

Bàbá yẹn tún fẹ́ dá a dúró. Bọ̀dá Múfú mú un lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Tiẹ̀ ló ń bá wí.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ọkùnrin kan fi wọlé wá láti Ìbà, ó ń wá yàrá, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wà lẹ́nu kànga, mo ń fa omi. Kòfí wà nídìí máṣíìnì ní pásẹ́jì, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá onílé ńkọ́?”

Kòfí ò gbé orí sókè.

“Wọ́n lọ ra òwú.”